Ìràwọ̀ Kan Tí Ó Di Méjì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní Àgùàlà ń bá òṣùpá rìn, ayé ṣebí ajá rẹ̀ ni. Méjì tí kò bá ara wọn tan ni ojú ènìyàn so pọ̀ níbẹ̀. Ìdàkejì rẹ̀ ni a fẹ́ sọ lónìí: méjì tí ayé kà sí ẹyọ kan fún ohun tí ó ju 40 ọdún lọ.

AR Scorpii ni orúkọ ìràwọ̀ náà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni àwọn ọ̀mọ̀wé ti kọ ọ́ sílẹ̀ bí ìràwọ̀ kan ṣoṣo tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń pọ̀, tí ó sì ń dín kù. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2015, àwọn ènìyàn kan ní Jámánì, Belgium àti Ìlú Ọba fura sí i. Wọn kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Ìfẹ́ ọkàn ni wọ́n fi ń wo ìràwọ̀. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà tọ àwọn onímọ̀ Yunifásítì Warwick lọ, àwọn wọ̀nyí sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní ọdún 2016. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ aràrá funfun, èyí tí í ṣe òkú ìràwọ̀ tí ó ti jó tán. Kò tóbi ju bí ilé ayé wa yìí lọ, síbẹ̀ ìwúwo rẹ̀ sún mọ́ ti oòrùn. Ìkejì jẹ́ aràrá pupa, tí ó ṣì ń jó ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìwúwo rẹ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́ta ti oòrùn. Wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú bí 34 ni wọ́n fi ń yí ara wọn po. Òkú náà ń pòòyì, ó sì ń na alààyè ní pàṣán agbára, ìmọ́lẹ̀ wọn a sì máa kọ mànà ní bí ìṣẹ́jú 2 sí ara wọn. Ọdún bí 380 ni ìmọ́lẹ̀ náà ń rìn kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ní ọdún 2017, láti Sutherland ní Gúúsù Áfíríkà, David Buckley àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tún tú àṣírí ìmọ́lẹ̀ náà síwájú sí i.

Ẹnìkan yóò bi wá pé: kí ni ti ìràwọ̀, nígbà tí àga kò tó ní ilé ìwé? Ìbéèrè gidi ni. Ṣùgbọ́n kí olúwarẹ̀ gba Jericho kọjá ní Ìbàdàn níhìn-ín, kí ó wo Ilé Iṣẹ́ Ìwádìí Igbó, tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti wà láti ọdún 1954. Ẹni tí ó gbin ìrókò kì í retí àti gé e ní ọdún tí ń bọ̀. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní ọdún 1955, àwọn kan pè é ní ìnákúnàá. Ta ni yóò sọ bẹ́ẹ̀ lónìí?

Ọmọ ilẹ̀ wa sì ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí. Ní ọdún 1965, ní Cambridge, Samuel Okoye pẹ̀lú Antony Hewish rí àmì òkú ìràwọ̀ irú mìíràn, kí ayé tó mọ ohun tí ó jẹ́. Nsukka ni ó padà wá kọ́ àwọn ọmọ wa.

Nítorí náà, a ń bẹ ìjọba kí ó fún kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ kọ̀ọ̀kan ní awò kékeré kan tí a fi ń wo ojú ọ̀run. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe dúró de awò náà. Ní ìdájí oṣù Kẹta, ẹ fi ìràwọ̀ pupa Antares han àwọn ọmọ ní apá gúúsù. Ẹ sọ fún wọn pé nítòsí rẹ̀ ni méjì wà tí ayé pè ní ọ̀kan, títí ẹni tí kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n fi wò ó dáadáa.