Ẹ Yà sí Ọ̀tún Kí Ẹ Rí Àjàṣẹ́

Àwa tí a ń lọ kó aṣọ ní ọjà Tọ́kpá, ní Kùtọnù, a kì í yà sí Àjàṣẹ́. Bí mọ́tò bá ti kọjá Sèmè tó dé oríta Sèmè-Podji, ọ̀nà tó lọ tààrà ni ti oníṣòwò. Èyí tó yà sí ọ̀tún, tó gba orí afárá kọjá lórí ọ̀sà wọ Àjàṣẹ́ tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo, ti ẹni tó fẹ́ gbafẹ́ ni. Aṣọ ni mo ń tà ní Ìkòtún, òun ni mo fi tọ́ ọmọ, ọjà ló sì kọ́kọ́ mú mi mọ ọ̀nà yẹn. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí tí mo ti ń yà sí ọ̀tún láìru ẹrù kankan, mo ní ọ̀rọ̀ láti bá ará Alímọ̀ṣọ́ sọ.

Ọmọ àbúrò mi kan kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu ju Geneva lọ. Ìlú etí adágún ni, ní Switzerland. Ó fi hàn mí lórí fóònù: omi tí ẹ̀rọ ń tú sókè láti inú adágún náà, tó ń ga tó 140 mítà, ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé àlejò kiri, ó ní ẹni tó bá sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì wọn yóò gba káàdì tí yóò máa fi wọ bọ́ọ̀sì lọ́fẹ̀ẹ́. Ó dára. Ṣùgbọ́n físà lásán, láti oṣù kẹfà ọdún 2024, ti di 90 yúrò, bí wọ́n bá sì sọ pé àwọn kò fún ọ, owó náà ti wọgbó. Ní ti Àjàṣẹ́, ìwé àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí ní Dakar ní 1979 ti sọ pé a lè wọ ilẹ̀ ara wa láìgba físà, kí a sì lo 90 ọjọ́. Páásìpọ́ọ̀tù àti yẹ́lò káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú ni kí ẹ mú dání.

Ọ̀nà rẹ̀ kò sì le fún wa. Ará Ẹ̀gbẹ́dá tàbí Ìkòtún á wọ mọ́tò dé Ìgàndò, á gba títì LASU já sí Ìyànà Ìbà, ibẹ̀ ni yóò ti rí bọ́ọ̀sì Sèmè tó ń gba Àgbárá àti Badagry. Kò sí ohun tó pa wá pọ̀ mọ́ Ọ̀ṣọ́dì. Ẹ tètè jí ṣá, nítorí àwọn tó ń dá mọ́tò dúró lójú ọ̀nà yẹn pọ̀ ju òpó iná lọ, oníkálukú sì ní ìbéèrè tirẹ̀. Ẹ má ṣẹ́ gbogbo owó yín sí sẹ́fà ní bodè. Èyí tí ẹ ó fi wọkọ̀ tí ẹ ó sì fi jẹun ti tó, kí ẹ sì kà á níwájú ẹni tó ṣẹ́ ẹ fún yín kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Aago wọn kò yàtọ̀ sí tiwa.

Ohun tó máa ń ya àlejò lẹ́nu ni Yorùbá tí wọ́n ń sọ. Ègùn ló ni ilẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí àdúgbò tí ẹ ó dé ní Àjàṣẹ́ tí ẹ kò ní rí ẹni dá yín lóhùn. Ọ̀sà tó wà níwájú wọn náà kò dúró síbẹ̀: ó ń ṣàn gba Badagry wá títí ó fi bọ́ sínú ọ̀sà Èkó. Ọkọ̀ ojú omi ló ń ná ọ̀nà yẹn kí títì tó dé. Kí ló wá dé tí àwọn fi ń sọ Faransé tí àwa ń sọ Gẹ̀ẹ́sì? Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861, wọ́n sì yìnbọn lu Àjàṣẹ́ lọ́dún yẹn kan náà. Sodji, ọba Àjàṣẹ́, tó rí i pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò ní jẹ́ kí òun sinmi, sá di Faransé ní 1863. Ní oṣù kẹjọ 1889 ni àwọn òyìnbó méjèèjì jókòó ní ilẹ̀ wọn, tí wọ́n fa ìlà sáàárín ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ìlà yẹn ni wọ́n ṣì ń tẹ páásìpọ́ọ̀tù wa lé lórí ní Sèmè.

Bí wọ́n bá gbé yín dé iwájú mọ́ṣáláṣí ńlá Àjàṣẹ́ láìsọ ohun tó jẹ́, ṣọ́ọ̀ṣì ni ẹ ó pè é. Ilé gogoro méjì ló dúró níwájú rẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, iṣẹ́ ọnà sìmẹ́ǹtì sì bo ògiri láti òkè délẹ̀. Ọ̀dà rẹ̀ aláràbarà ti ń ṣí nígbà tí mo dé ibẹ̀, síbẹ̀ ó dà bí ojúlówó léèsì àtijọ́ tí wọ́n ti fọ̀ fọ̀ fọ̀ tí ọnà ara rẹ̀ kò já. Mo dúró tì í títí ọlọ́kadà tó gbé mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í pòṣé.

Àwọn Àgùdà ló kọ́ ọ, láti 1912 títí di 1935. Àwọn bàbá wọn ni wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ Yorùbá, ọ̀pọ̀ sì jẹ́ Mùsùlùmí. Ní oṣù kìíní 1835, àwọn ẹrú Mùsùlùmí gbógun dìde sí àwọn olówó wọn ní ìlú Salvador ní Bahia. Wọ́n ṣẹ́gun àwọn ẹrú náà, wọ́n sì lé àwọn kan nínú wọn padà sí ilẹ̀ adúláwọ̀. Àwọn mìíràn ra ara wọn padà, wọ́n sì bá ọkọ̀ wálé. Èkó ni àwọn kan sọ̀ sí, àwọn mìíràn sọ̀ sí Àjàṣẹ́ tàbí Ouidah. Bíríkìlà àti káfíńtà wà láàárín wọn, irú ilé tí wọ́n sì mọ̀ ọ́n kọ́ ní Bahia ni wọ́n kọ́ fún Ọlọ́run nígbà tí wọ́n délé. Ẹni tó bá ti rí mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní Ìsàlẹ̀ Èkó, èyí tí João Baptista da Costa kọ́ tí wọ́n ṣí ní 1894, yóò mọ̀ pé ọwọ́ kan náà ni.

Ààfin Honmè kò jìnnà síbẹ̀. Ọba Toffa, tó jẹ láti 1874 sí 1908, ló gbé inú rẹ̀ gbẹ̀yìn bí ọba tó ní agbára lọ́wọ́. Àgbàlá lórí àgbàlá ni, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sì rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn fi gbọ́dọ̀ tẹrí ba kó tó wọlé, bóyá ó fẹ́ tàbí ó kọ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ béèrè níbẹ̀ ni alounloun. Ọ̀pá tí wọ́n kó òrùka irin sí lára ni. Bí wọ́n bá ń lù ú, tó ń dún wọwọ, orin adjogan nìyẹn, orin ọba. Nígbà tó yá, orin náà wọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ìlú: wọ́n yọ ẹyẹ ọba tó wà lórí ọ̀pá, wọ́n fi àgbélébùú sí i. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé mìíràn tún wà tí wọ́n kó ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sí, ṣùgbọ́n ẹ béèrè kí ẹ tó lọ, torí wọ́n a máa ti irú ilé bẹ́ẹ̀ fún àtúnṣe.

Ibi tí Geneva ti gba iwájú lọ́wọ́ Àjàṣẹ́ ni etí omi. Àwọn ará ibẹ̀ tún etí adágún wọn ṣe fún ẹni tó fẹ́ rìn àti ẹni tó fẹ́ jókòó. Ní Àjàṣẹ́, nígbà tí mo lọ kẹ́yìn, ńṣe ló dà bí ẹni pé ìlú kọ ẹ̀yìn sí ọ̀sà. Ẹni tó bá fẹ́ gbádùn omi yẹn gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀.

Ganvié ni gbogbo ayé mọ̀, ìlú orí omi tó wà lórí adágún Nokoué, tí wọ́n ń bá ọkọ̀ lọ láti Abomey-Calavi. Ó tóbi, ó lẹ́wà, ṣùgbọ́n oníṣòwò ìran ti pọ̀ jù níbẹ̀ fún mi. Àwọn Aguégué ni mo yàn. Kì í ṣe Agége tiwa o! Àwọn abúlé orí omi tó sún mọ́ Àjàṣẹ́ ni, èbúté tó wà nídìí afárá ni wọ́n ti ń wọkọ̀ lọ.

Ọlọ́kọ̀ bu owó lé mi. Ó ní, “Màmá, ará Èkó ni yín, owó wà lọ́wọ́ yín.”

Mo ní, “Ọmọ mi, Ìkòtún ni mo ti wá, kì í ṣe Banana Island.” Ó rẹ́rìn-ín, ó já a sí ààbọ̀.

Lójú omi ni mo ti rí àkájà. Àwọn apẹja á gé ẹ̀ka igi, wọ́n á gún un mọ́ ìsàlẹ̀ omi lóròó, ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan, títí yóò fi di igbó kékeré nínú ọ̀sà. Ewédò á hù sí igi náà lára, ẹja á wá jẹ ẹ́, á fi ibẹ̀ ṣe ilé, á yé sí i. Ẹni tó ni àkájà á fi í sílẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Lọ́jọ́ tó bá fẹ́ kórè, wọ́n á fi àwọ̀n yí i po, wọ́n á máa fa igi náà yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì máa sún àwọ̀n mọ́ra títí ẹja kò fi ní ibi tí yóò gbà. Ọlọ́kọ̀ ní ẹni tó bá fi àwọ̀n kan àkájà ẹlòmíràn, ìjà dé nìyẹn. Ọgbọ́n ńlá ni, ṣùgbọ́n igbó ilẹ̀ ló ń jìyà rẹ̀, igi tó ń jẹrà sì ń mú kí omi tán díẹ̀díẹ̀.

Ẹ má gbàgbé Songhaï ní Ouando. Fadá ọmọ Nàìjíríà kan, Godfrey Nzamujo, ló dá oko náà sílẹ̀ ní 1985, àwọn ọ̀dọ́ sì ń wá kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ láti ìlú púpọ̀. Wọ́n ń sin ọ̀yà bí ẹni sin ehoro. Ìdin tí ìdọ̀tí adìẹ mú wá ni ẹja ń jẹ, omi ẹja ń lọ sí oko ẹ̀fọ́, ìgbẹ́ ẹran di gáàsì ìdáná. Wọ́n ní ilé oúnjẹ àti ilé àlejò, owó rẹ̀ kò sì gani lára.

Àjárá ni mo fi ṣe ìkẹyìn, ọjà tí wọ́n ń ná ní ọrọọrún, níbi tí wọ́n ti ń ta ìlù àti ìkòkò, tí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ díndín rẹ̀ sì lókìkí. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa ti gbà láti bá mi lọ lọ́dún yìí. Àwa tí à ń kírun láàárín wọn ti sọ pé kí wọ́n fi wá sídìí ìlù.