Píkọ́ọ̀pù tuntun, ìkọ́ ìdí ọkọ̀ àti ìṣirò kílò 3,500

Agbára ìfà ni ìwọ̀n ẹrù tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ fọwọ́ sí pé ọkọ̀ náà lè máa wọ́ lẹ́yìn láìba ara rẹ̀ jẹ́, láì sì fi ẹ̀mí ẹni tó ń wà á wewu. Nígbà tí Toyota ṣí aṣọ lójú Hilux tuntun ní ìlú Bangkok ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, nọ́ńbà méjì ló jáde lórí agbára yìí: kílò 3,500 fún èyí tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì, kílò 1,600 fún èyí tó ń lo bátìrì nìkan. Nọ́ńbà kejì ló rọrùn láti fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kìíní ló máa ń ṣi àwọn tó ń ra píkọ́ọ̀pù lọ́nà jù, nítorí ohun tí ọ̀pọ̀ gbà pé ó túmọ̀ sí kọ́ ni ó túmọ̀ sí.

Ní Adja-Ouèrè, ní ẹ̀ka Plateau ní gúúsù ìlà-oòrùn Benin, kì í ṣe ohun àjèjì kí ọkọ̀ kékeré gbé ẹrù tó ju ti baba rẹ̀ lọ. Ẹyìn ń ti oko ọ̀pẹ bọ̀, gàrí àti àgbàdo ń lọ sí ọjà Ikpinlè, sìmẹ́ńtì sì ń jáde láti Massè. Iṣẹ́ ọ̀pẹ ti pẹ́ ní agbègbè náà: láti ọdún 1922 ni ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ ti wà ní Pobè tó múlé gbè é. Ṣáájú Hilux, píkọ́ọ̀pù Peugeot 404 tí wọ́n ń pè ní báṣé ló ń ṣe wàhálà yìí, kí 504 tó dé, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kaduna ní Nàìjíríà lọ́dún 1975. Gbogbo ẹrù ló ń lọ sórí báṣé, wọ́n á so ó ní okùn títí yóò fi ga ju orí ọkọ̀ lọ. Tirakítọ̀ ló ń fa rẹmọ́ọ̀kì, ìyẹn kẹ̀kẹ́ ẹrù tí wọ́n so mọ́ ìdí ọkọ̀. Bí píkọ́ọ̀pù tuntun ṣe ń dé pẹ̀lú ìlérí pé òun náà lè fà, ìmọ̀ tí báṣé fi sílẹ̀ kò tó mọ́, torí ìṣirò ẹrù tí ọkọ̀ gbé sórí yàtọ̀ sí ti èyí tó so mọ́ ìdí.

Ìwọ̀n mẹ́ta ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Èkíní ni èyí tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá pẹ̀lú èrò, epo àti ẹrù inú rẹ̀. PTAC ni ìwé ọkọ̀ tí wọ́n fi Faransé kọ ń pè é. Èkejì ni ìwọ̀n tí rẹmọ́ọ̀kì kò gbọdọ̀ kọjá. Ẹ̀kẹta, PTRA, ni àpapọ̀ ọkọ̀ àti rẹmọ́ọ̀kì àti gbogbo ohun tó wà nínú méjèèjì. Ẹ̀kẹta yìí kì í sábà hàn nínú ìpolówó, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló ń pàṣẹ.

Àpẹẹrẹ kan lè là á yé. Bí ọkọ̀ kan bá wọn kílò 2,150 lófìfo, tí PTAC rẹ̀ jẹ́ 3,150, olùtajà lè sọ pé ó ń gbé tọ́ọ̀nù kan, pé ó sì ń fa tọ́ọ̀nù mẹ́ta àbọ̀. Kò purọ́ nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí PTRA rẹ̀ bá jẹ́ 6,000, tí rẹmọ́ọ̀kì kílò 3,500 sì ti wà lẹ́yìn, kílò 2,500 péré ló kù fún ọkọ̀. Bí wọ́n bá yọ 2,150 kúrò, ó ku 350. Èèyàn márùn-ún tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kílò 70 ti jẹ ẹ́ tán, kò sì tíì sí àpò àgbàdo kan lẹ́yìn. Ẹni tó bá gbé tọ́ọ̀nù kan sínú ọkọ̀ yẹn ò lè fa ju kílò 2,850 lọ mọ́. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ “ó ń gbé, ó sì ń fà” fi yẹ kó máa wá pẹ̀lú ìbéèrè kan: ṣé lẹ́ẹ̀kan náà ni?

Ìṣirò náà kò parí síbẹ̀. Imú rẹmọ́ọ̀kì máa ń tẹ ìkọ́ mọ́lẹ̀, ìnira yẹn sì wà lára ẹrù tí ọkọ̀ gbé. Ní Amẹ́ríkà, ohun tí wọ́n sábà ń dámọ̀ràn ni pé kí imú náà kó ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹmọ́ọ̀kì. Ti Yúróòpù kéré sí i. Fún kílò 3,500, ìdá 10 jẹ́ 350. Ó tún burú díẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ẹ̀yìn táyà ẹ̀yìn ni ìkọ́ wà. Ọkọ̀ náà á dà bíi pátákó tí wọ́n gbé lé orí ìtì igi: ohun tó tẹ ìdí mọ́lẹ̀ ń gbé orí sókè. Lórí Hilux ìran kẹjọ, tí mítà 3.085 wà láàárín táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn, bí ìkọ́ bá wà ní nǹkan bíi mítà 1.2 lẹ́yìn táyà ẹ̀yìn, kílò 350 lórí ìkọ́ yóò fi nǹkan bíi 486 kún ohun tí táyà ẹ̀yìn ń gbé, yóò sì gba nǹkan bíi 136 kúrò lórí táyà iwájú. Táyà iwájú ló ń darí ọkọ̀, òun náà ló sì ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ bíréèkì. Nígbà tí ọkọ̀ bá rẹ ìdí sílẹ̀ tí iná iwájú rẹ̀ ń wo orí igi, àmì nìyẹn.

Àwọn kan á wá rò pé kí wọ́n kó ẹrù sẹ́yìn rẹmọ́ọ̀kì kí imú rẹ̀ lè fúyẹ́. Àṣìṣe tó léwu jù lọ nìyẹn. Bí ẹrù tó wúwo bá wà lẹ́yìn táyà rẹmọ́ọ̀kì, imú rẹ̀ á máa fa ìkọ́ sókè, rẹmọ́ọ̀kì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ju ìdí síhìn-ín sọ́hùn-ún. Lórí eré kékeré, ìjù náà máa ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Tí eré bá ti kọjá ibì kan, ṣe ni yóò máa pọ̀ sí i títí yóò fi gba ọkọ̀ lọ́wọ́ awakọ̀. Ẹyìn ọ̀pẹ tí wọ́n kó jọ láìdì lè yí sẹ́yìn nígbà tí ọkọ̀ bá ń gun òkè tàbí tó ń ti inú kòtò jáde. Ẹrù tó wà létò nígbà tó kúrò lóko lè má wà létò mọ́ nígbà tó bá kan ọ̀dà. Bí ìjù bá ti bẹ̀rẹ̀, kí awakọ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ìtẹ̀ epo, kó di ìdarí mú gírígírí láìyí i, kí eré fúnra rẹ̀ rọlẹ̀.

Báwo ni ilé-iṣẹ́ ṣe ń mọ nọ́ńbà tí yóò kọ? Ìlànà tó ṣe kedere jù ni ti Amẹ́ríkà, SAE J2807, tí Toyota kọ́kọ́ tẹ̀ lé lórí Tundra ọdún 2011 kí àwọn yòókù tó gbà. Lára ìdánwò rẹ̀ ni òkè Davis Dam ní Arizona: nǹkan bíi máìlì 11.4 ni ọkọ̀ yóò fi máa gùn ún, ní ooru tó tó ìwọ̀n 38 ti Sẹ́síọ́ọ̀sì, pẹ̀lú ẹ̀rọ amúlétutù ní títàn, eré rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ já sísàlẹ̀ máìlì 40 ní wákàtí. Rèdíétọ̀ àti jíà ni ìdánwò yìí ń wò ju agbára ẹ́ńjìnnì lọ; ooru ló sábà ń pa ọkọ̀ tó ń fa ẹrù. Ìdánwò mìíràn ni pé kí ọkọ̀ dúró lórí òkè tí ìdagun rẹ̀ jẹ́ ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún, kó sì gbéra lẹ́ẹ̀márùn-ún láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ojú pópó dídán ni gbogbo èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ọ̀nà ọlọ́dà tó ti Àjàṣẹ́ gba Sakété àti Pobè lọ sí Kétu kò ní òkè tó le bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹnì kan lè rò pé ó rọrùn ju Arizona lọ. Ọ̀dà nìkan kọ́ ni ọkọ̀ oko ń tẹ̀, ṣá. Apá kan ìgbèríko Adja-Ouèrè bọ́ sínú àfonífojì Lama, níbi tí amọ̀ dúdú ti ń wú bí òjò bá mu ún yó, tó sì ń sán bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé. Lórí ọ̀dà, agbára tí táyà nílò láti máa yí jẹ́ bí ìdá kan sí ìdá kan àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ẹrù. Lórí ilẹ̀ rírọ̀, ó lè tó ìdá 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí túmọ̀ sí pé ilẹ̀ tó tẹ́jú pẹrẹsẹ ní àsìkò òjò lè le fún ọkọ̀ bí òkè tí ìdagun rẹ̀ jẹ́ ìdá 10, láìsí ìsọ̀kalẹ̀ tí yóò fi sinmi ní òdì kejì. Ó bọ́gbọ́n mu, nígbà náà, kí ẹni tó ń ti oko amọ̀ jáde ka ìdajì nọ́ńbà inú ìpolówó sí òpin tirẹ̀. Kò sí ìwé ilé-iṣẹ́ kankan tó sọ ìdajì; ojú ilẹ̀ ló sọ ọ́.

Bíréèkì ni ààlà mìíràn. Kílò 3,500 yẹn jẹ́ ti rẹmọ́ọ̀kì tó ní bíréèkì tirẹ̀. Èyí tí kò ní, kílò 750 ni òpin rẹ̀ nínú ìlànà Yúróòpù, kílò 750 kan náà sì ni Àdéhùn Vienna ti ọdún 1968 lórí ìrìnnà ojú ọ̀nà fi pààlà láàárín ìwé àṣẹ ìwakọ̀ lásán àti èyí tó ń fẹ́ àfikún. Rẹmọ́ọ̀kì tí wẹ́ldà fi ìdí ọkọ̀ àlòkù àti irin ṣe ní ẹ̀bá títì kì í sábà ní bíréèkì, bó ti wù kí irin rẹ̀ nípọn tó.

Ẹni tó lọ gba ọkọ̀ tuntun á wá yí dé ìdí rẹ̀, á sì rí i pé kò sí ìkọ́. Wọn kò jí i. Ní ọ̀pọ̀ ọjà, ìkọ́ ìfà, wáyà iná rẹmọ́ọ̀kì àti dígí gbọọrọ tí awakọ̀ fi ń rí ẹ̀yìn jẹ́ ohun tí wọ́n ń sanwó rẹ̀ lọ́tọ̀. Agbára ìfà wà nínú ṣáásì, irinṣẹ́ rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ohun tó sábà wà ni òrùka irin tí wọ́n fi ń yọ ọkọ̀ nínú ẹrẹ̀. Òrùka yẹn wà fún ìfà díẹ̀ ní tààrà, kì í ṣe fún rẹmọ́ọ̀kì. Ọkọ̀ Amẹ́ríkà àlòkù tó gba èbúté Kútọnu wọlé, bíi Tundra àti Tacoma, ní àdììtú tirẹ̀: ihò irin onígun mẹ́rin kan wà ní ìdí wọn, kò sì sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ó pé bẹ́ẹ̀. Apá irin tó ní bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń kì bọ ihò náà, ẹni tó kọ́kọ́ ni ọkọ̀ sì ti yọ tirẹ̀ lọ.

Níbi bọ́ọ̀lù ló ti yẹ kí ojú là. Ti Yúróòpù jẹ́ mílímítà 50. Ti Amẹ́ríkà tó wọ́pọ̀ jẹ́ íǹṣì méjì, ìyẹn 50.8, ó sì tún ní èyí tó kéré sí i àti èyí tó tóbi jù ú. Ìyàtọ̀ mílímítà tí kò pé ẹyọ kan yẹn tó láti mú kí ẹnu rẹmọ́ọ̀kì má pa dé dáadáa. Iná náà yàtọ̀: lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Amẹ́ríkà, wáyà kan náà ló ń gbé iná bíréèkì àti tráfíkétọ̀ lọ sẹ́yìn, nígbà tí ti Yúróòpù pín wọn sọ́tọ̀. Mẹkáníkì tó bá kàn so wáyà mọ́ wáyà yóò rí iná tó ń tàn, ṣùgbọ́n tí kò sọ òtítọ́ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ó dára kí ìkọ́ má jẹ́ èyí tí wẹ́ldà jó mọ́ ṣáásì, nítorí iná ń sọ irin tó yí i ká di aláìlágbára. Bóòtì nínú ihò tí ilé-iṣẹ́ ti lu ló yẹ ẹ́. Ìkọ́ tó bá ìlànà mu ní àwo kékeré kan lára tí wọ́n kọ D sí. D ni ipá ìfàpadà tí ìkọ́ lè gbà nígbà tí ọkọ̀ àti rẹmọ́ọ̀kì bá ń já ara wọn. Láti ṣírò rẹ̀, wọ́n á fi ìwọ̀n ọkọ̀ ṣe ìsọdipúpọ̀ ìwọ̀n rẹmọ́ọ̀kì, wọ́n á fi àpapọ̀ àwọn méjèèjì pín in, wọ́n á sì fi 9.81 ṣe ìsọdipúpọ̀ èsì rẹ̀. Ọkọ̀ tọ́ọ̀nù mẹ́ta àti rẹmọ́ọ̀kì tọ́ọ̀nù mẹ́ta ń béèrè nǹkan bíi kílónútìn (kN) 14.7; bí rẹmọ́ọ̀kì bá jẹ́ tọ́ọ̀nù kan àbọ̀, kN 9.8 ni. Ìkọ́ tí kò ní àwo yìí lè lágbára o, àmọ́ kò sí ẹni tó lè sọ iye agbára náà.

Ó wá ku Hilux oníbátìrì àti kílò 1,600 rẹ̀. Kì í ṣe pé mọ́tò iná kò lágbára. Kò sí ẹ́ńjìnnì tó ń tètè fa ohun tó wúwo láti ìdúró bí i. Ó jọ pé ohun tó dín nọ́ńbà náà kù ni pé bátìrì fúnra rẹ̀ ti jẹ lára ìwọ̀n tí ṣáásì lè gbà: kílò 715 ni ọkọ̀ náà ń gbé, nígbà tí ti dísẹ́ẹ̀lì ń gbé tọ́ọ̀nù kan. Lórí amọ̀ Lama, 1,600 lè sún mọ́ òtítọ́ ju 3,500 lọ. Ibi tí ìṣòro rẹ̀ wà ni ìrìn. Nǹkan bíi kílómítà 240 ni Toyota kéde pé bátìrì náà ń rìn kó tó tán, rẹmọ́ọ̀kì tó wúwo sì máa ń gé irú ìrìn bẹ́ẹ̀ sí bí ìdajì. Láti Adja-Ouèrè dé Kútọnu jẹ́ nǹkan bíi kílómítà 100, nítorí náà ọkọ̀ náà lè kó ẹrù débẹ̀. Ibi tí yóò ti gba iná kó tó padà ni ẹni tó ń rà á gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá.