Iyanrìn tó ń gbani lórí yìnyín, òun náà ló ń gbéni ṣubú lórí ọ̀dà

Ní Ifangni níbí, bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, ilẹ̀ pupa a bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Ẹni tó bá ti gbé ẹrù ọjà sẹ́yìn zémidjan lọ sí Ìgolo lásìkò òjò mọ ohun tí à ń wí. Iyanrìn la máa ń dà síbẹ̀ kí ẹsẹ̀ àti táyà lè rí nǹkan dì mú.

Iṣẹ́ yìí kan náà ni iyanrìn ń ṣe fáwọn ọmọ wa tó wà ní Kánádà, níbi tí yìnyín ti máa ń bọ́ wálẹ̀ bí òwú, tí ọkọ̀ á tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi le bíi dígí. Omi tín-ín-rín kan wà lójú yìnyín tí ojú wa ò lè rí. Òun ló ń gbé ẹsẹ̀ lọ. Ìgbà tí òtútù dín kù, tí yìnyín fẹ́ẹ́ máa yọ́, ló sì burú jù.

Iyọ̀ ni ọ̀pọ̀ ìlú kọ́kọ́ ń fọ́n sí títì, torí ó máa ń jẹ́ kí yìnyín yọ́. Ní Ìlú Ọba, abẹ́ ilẹ̀ ní Winsford ni wọ́n ti ń wa púpọ̀ nínú rẹ̀. (Ẹ̀yin ìyá oníyọ̀, ẹ fọkàn balẹ̀, kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀ o.) Ṣùgbọ́n bí òtútù bá ti lọ sí nǹkan bíi dígírì 10 sísàlẹ̀ òdo, agbára iyọ̀ a rẹ̀yìn. Ní Winnipeg, ní Kánádà, òtútù máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fọ́n iyanrìn níbẹ̀.

Iyanrìn kì í mú kí yìnyín yọ́. Hóró rẹ̀ ló ń wọnú yìnyín bí eyín. Èyí tó kúnná bí èlùbọ́ kò wúlò. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọkọ̀ máa ń fẹ́ ẹ dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Àwọn ará Nọ́wè wá dá ọgbọ́n kan: wọ́n ń po iyanrìn mọ́ omi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ hó kí wọ́n tó fọ́n ọn. Omi náà á dì padà, iyanrìn á sì lẹ̀ mọ́ yìnyín bí ìwé tí káfíńtà fi ń fá pákó. Ẹni tó ní ọmọ lọ́hùn-ún, kó sọ fún un kó tọ́jú àpò iyanrìn kan sínú búùtù. Bí táyà bá ń yí lásán, iwájú rẹ̀ ni kó dà á sí.

Èyí tó kàn wá jù rèé. Bí yìnyín bá ti yọ́ tán, àwọn ará Winnipeg máa ń gbé ọkọ̀ ìgbálẹ̀ jáde, wọ́n á gbá iyanrìn náà kúrò lójú títì. Lórí ọ̀dà gbígbẹ, hóró iyanrìn ò ríbi wọ̀, ńṣe ló ń yí lábẹ́ táyà bí ẹ̀wà tó dà sórí símẹ́ńtì. Ohun tó ń dá àwọn onízémidjan wa dojú dé ní kọ́nà nìyẹn, nígbà tí ọkọ̀ akóyanrìn tí wọn ò fi nǹkan bò bá ti ń dà á sílẹ̀ lọ. Lójú tiwa, ẹ̀bi awakọ̀ yẹn ju ti onízémidjan lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń kọ́lé lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, bí iyanrìn yín bá ti ṣàn wọ orí ọ̀dà, ẹ gbá a kúrò kílẹ̀ tó ṣú. Onízémidjan tó bá bá a níbẹ̀, kó ti dẹwọ́ eré kó tó dé orí rẹ̀, kó má ṣe já búrèkì lójijì lórí rẹ̀.