Bí Ẹsẹ̀ Wíwú Bá Tilẹ̀ Lọ, Ẹ Má Ṣe Pa Oògùn Ọkàn Tì

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin baálé ilé, ìlera ni oògùn ọrọ̀. Bóyá ẹnìkan wà nínú ilé yín tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, tí kì í lè mí dáadáa bí ó bá sùn gbalaja, tí ó ń to ìrọ̀rí lé ìrọ̀rí lóru. Ẹ má ṣe rò pé aráyé ni ó ń ṣe é. Ó lè jẹ́ pé ọkàn rẹ̀ kò lágbára mọ́ láti ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara. Ní Abẹ́òkúta, láàrin ọdún 2009 sí 2010, àwọn dókítà ṣe àkọsílẹ̀ aláìsàn 452 tí ó ní irú àìsàn yìí. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó fa ti nǹkan bí 78 nínú 100 wọn.

Iṣẹ́ tí oògùn kọ̀ọ̀kan ń ṣe
1. Furosemide (Lasix): ó ń mú kí omi tí ó dúró sára bá ìtọ̀ jáde. Àárọ̀ ni ó dára jù láti lò ó.
2. Lisinopril tàbí ramipril: ó ń dẹ iṣan ẹ̀jẹ̀, kí ẹrù ọkàn lè fúyẹ́. Ó lè fa ikọ́ gbígbẹ. Bí ètè tàbí ahọ́n bá wú, ẹ sáré lọ sí ilé ìwòsàn.
3. Carvedilol tàbí bisoprolol: ó ń mú kí ọkàn rọra lù. Díẹ̀díẹ̀ ni a ń fi kún un. Ẹ má ṣe dá a dúró lójijì.
4. Spironolactone: ó ń dáàbò bo ọkàn, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ àti kíndìnrín wò.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀
Bí Lasix bá ti mú kí ẹsẹ̀ fọn, ọ̀pọ̀ ilé a ní, "Ó ti gbádùn," wọn a sì fi owó oògùn ra nǹkan mìíràn. Omi ni ó lọ. Àìlágbára ọkàn kò lọ. Ojú kò rí iṣẹ́ àwọn oògùn mẹ́ta yòókù, ṣùgbọ́n wọ́n ń fa ẹ̀mí gùn. Bí owó kò bá tó, ẹ sọ fún dókítà. Ẹ má ṣe fúnra yín yan èyí tí ẹ ó fi sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń bímọ
Lisinopril, ramipril àti spironolactone lè ṣe ọmọ inú ní jàǹbá. Bí ẹ bá lóyún, tàbí tí ẹ ń retí rẹ̀, ẹ tètè sọ fún dókítà. Àìsàn yìí sì lè bẹ̀rẹ̀ ní ìparí oyún tàbí láàrin oṣù márùn-ún lẹ́yìn ìbímọ.

Nínú ilé
Ẹ dín iyọ̀ àti màágì inú ìkókórẹ́ àti ọbẹ̀ kù. Ẹ má ṣe ra ibuprofen tàbí diclofenac fún ara ríro, nítorí wọ́n ń dá omi dúró sára. Ẹ máa gun òṣùwọ̀n láràárọ̀. Bí ìwọ̀n bá fi kìló méjì lé láàrin ọjọ́ mẹ́ta, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn tí ó wà nítòsí. Láti Ìkẹ́nnẹ́ àti gbogbo Rẹ́mọ, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Olábísí Ọ̀nàbánjọ wà ní Ṣágámù. Ẹ kó gbogbo oògùn yín dání bí ẹ bá ń lọ.