ỌRÙN DÍDÙN ÀTI ÌTỌ́JÚ RẸ̀

Orí ènìyàn wúwo ju bí a ti rò lọ: ti àgbàlagbà tó ìwọ̀n kílò 5. Egungun kéékèèké 7 àti àwọn iṣan tí ó yí wọn ká ni ó ń gbé e. Nítorí náà, kò yani lẹ́nu bí ọrùn bá ń dun ẹni tí ń ru ẹrù, tàbí ẹni tí ń tẹ orí ba fún ìgbà pípẹ́.

Èmi tìkára mi fi ọjọ́ mẹ́ta yẹ ìwé àwọn ọmọ ilé-ìwé wò. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, n kò lè yíjú sí ọ̀tún. Ọ̀rẹ́ kan fẹ́ di orí mi mú kí ó sì fà á yí títí yóò fi dún. N kò gbà fún un, nítorí irú ìfàyí bẹ́ẹ̀ lè pa iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ń lọ sí ọpọlọ lára.

Mo tọ àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ fisiotẹ́rápì lọ, iṣẹ́ tí a bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn ní ọdún 1966. Mo rò pé wọn yóò ní kí n dùbúlẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n wí pé ọrùn tí a kò lò a máa le sí i. Wọ́n fi ọwọ́ ra ibi tí ó le, wọ́n sì kọ́ mi ní nǹkan wọ̀nyí, láti máa ṣe ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́:

1. Ẹ jókòó ṣánṣán. Ẹ rọra yíjú sí ọ̀tún dé ibi tí ó bá lè dé, lẹ́yìn náà sí òsì, nígbà 10.

2. Ẹ fa àgbọ̀n sẹ́yìn láì gbé ojú sókè, bí ẹni tí ó fẹ́ fi ìpàkọ́ kan ògiri. Ẹ ka 1 dé 5, kí ẹ tó dẹwọ́, nígbà 10.

3. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ti iwájú orí, kí orí náà sì máa ti ọwọ́ padà, láìjẹ́ pé ọ̀kan ṣí nípò.

Ó gbà mí tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó bọ́. Bí a bá ń lọ sóko, ó sàn kí a ru ẹrù lẹ́ẹ̀mejì ju kí a rù ú lẹ́ẹ̀kan kí ọrùn sì wọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jáfara láti lọ sí ilé ìwòsàn bí apá tàbí ẹsẹ̀ bá ń kú tipiri, bí ènìyàn kò bá lè mú ìtọ̀ dúró mọ́, tàbí bí ara gbígbóná àti orí fífọ́ bá bá ọrùn líle rìn. Bí ẹnìkan bá sì já bọ́ láti orí ọ̀pẹ, ẹ má ṣe fà á dìde. Kí ẹnìkan di orí rẹ̀ mú kí ó má mì, kí ẹlòmíràn sáré pe olùtọ́jú. Bí a kò bá sì lè ṣàì gbé e, orí pákó pẹlẹbẹ ni kí a tẹ́ ẹ sí.

Díẹ̀díẹ̀ ni ọrùn ń le. Díẹ̀díẹ̀ náà ni í dẹ̀.