Aṣọ Tí Omi Kì Í Wọ̀: Báwo Ni Òjé Ṣe Yẹ Kó Pọ̀ Tó?

Ní orílẹ̀-èdè Iceland, ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní Silfra, nínú ọgbà ìjọba Þingvellir. Omi ibẹ̀ mọ́ gaara, ṣùgbọ́n òtútù rẹ̀ kì í kúrò ní 2 sí 4 °C, yálà nígbà ooru tàbí nígbà òtútù. Ẹni tó bá fẹ́ mòòkùn níbẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ aṣọ tí omi kì í wọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní combinaison étanche lédè Faransé. Wọ́n á wọ aṣọ tó nípọn sábẹ́ ẹ̀, kí ara lè móoru.

Afẹ́fẹ́ tó há sínú aṣọ náà ló ń lé òtútù, àmọ́ òun kan náà ló ń fa èèyàn sókè. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń so òjé mọ́ra. Ọ̀pọ̀ ń rò pé bí òjé bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ọkàn á ṣe balẹ̀ tó. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá o! Bí òjé bá pọ̀ jù, ẹ ó máa rì. Kẹ́ ẹ má bàa rì, ẹ ó máa fi afẹ́fẹ́ kún aṣọ, afẹ́fẹ́ ọ̀hún ò sì ní dúró sójú kan. Ẹ mú ìgò omi tí kò kún tán, ẹ dé e, ẹ fi lélẹ̀ gbalaja, kẹ́ ẹ wá gbé ìdí ẹ̀ sókè díẹ̀. Ṣé ẹ rí bí afẹ́fẹ́ ṣe sáré lọ síbẹ̀?

Bó ṣe máa ń rí nínú aṣọ náà nìyẹn. Bí ẹsẹ̀ bá ga ju orí lọ, afẹ́fẹ́ á rọ́ lọ sẹ́sẹ̀, bẹ́ẹ̀ apá òsì lókè ni ihò tó ń gbà jáde sábà máa ń wà. Bẹ́ ẹ ṣe ń gòkè, ó ń wú sí i: láti mítà 10 dé ojú omi, ó di ìlọ́po méjì. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ ṣíwájú gòkè báyìí, tó sì sé èémí, ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ lè ya.

Òjé mélòó ló wá tó? Ìparí ìmòòkùn ni kẹ́ ẹ ti dán an wò, nígbà tí ìgò afẹ́fẹ́ bá ku nǹkan bíi 50 bar. Ní mítà 3 sí 5, ẹ tú afẹ́fẹ́ gilet dànù, kẹ́ ẹ fi ìwọ̀nba tí aṣọ ò fi ní fún yín lára sílẹ̀. Bẹ́ ẹ bá lè dúró síbẹ̀ jẹ́ẹ́, láì rì, láì léfòó, ó ti tó. Afẹ́fẹ́ náà ní ìwọ̀n: ìgò lítà 12 tó wà ní 200 bar gbé tó kílò 3, àti nígbà tó bá fi máa ku 50 bar, ó ju kílò 2 lọ tó ti lọ. Ẹni tó fi ìgò tó kún wọn òjé rẹ̀ láìrò èyí á fúyẹ́ jù nígbà palier, ìyẹn ibi ìdúró kẹ́yìn. Omi Silfra kì í ṣe omi iyọ̀, torí náà ẹni tó ti òkun wá, tí òun àti ẹrù ẹ̀ jẹ́ kílò 100, á yọ nǹkan bíi kílò 2 àbọ̀. Bí aṣọ abẹ́ bá yí padà, ẹ tún un dán wò.

Ó ku ibi tí òjé máa wà. Bó bá jẹ́ ìbàdí nìkan, ẹsẹ̀ sábà máa ń wálẹ̀, tí á sì máa tu ẹrẹ̀. Ẹ gbé díẹ̀ lọ sókè, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò. Bẹ́sẹ̀ bá ń léfòó, àwọn kan ń so òjé kékeré mọ́ ọrùn ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń kó àárẹ̀ bá ẹsẹ̀. Ní tèmi, mo fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ìgò wálẹ̀ díẹ̀. Ẹ má sì so gbogbo òjé síbi tí kò ṣeé tú kíá.

Bí afẹ́fẹ́ bá sá lọ sẹ́sẹ̀, ẹ ká orúnkún mọ́ àyà, ẹ yí ara padà kí orí wà lókè, kẹ́ ẹ wá gbé ìgúnpá òsì sókè kó lè jáde. Inú omi tí kò jìn, lọ́dọ̀ olùkọ́, ni wọ́n ti ń kọ́ ìyẹn.