Ibi Tí Ó Yẹ Kí Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Ìgbà Ìsinmi Ti Bẹ̀rẹ̀ fún Ọmọ Ilé-Ẹ̀kọ́ Sẹ́kọ́ńdìrì

Láti ìgbẹ̀yìn oṣù keje títí di oṣù kẹsàn-án, nígbà tí sáà kẹta bá ti parí, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì ní ilẹ̀ Yorùbá a máa wà nílé fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Ọ̀nà méjì ni ọ̀pọ̀ òbí ń gbà lo ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ yìí. Àwọn kan a fi ọmọ sí lẹ́sìnnì, níbi tí yóò tún ti máa ka ohun tí ó ti kà tẹ́lẹ̀. Àwọn mìíràn a mú un lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ kan kí ó lè fi ojú sí iṣẹ́. Ọ̀nà kejì yìí ni bébà yìí dá lé lórí. Ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn kò sì ju ẹyọ kan lọ: nínú iṣẹ́ tí ènìyàn ń fi ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kọ́, kí ni ọmọ lè rí mú ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ibo sì ni ó yẹ kí a ti mú un bẹ̀rẹ̀?

Kì í ṣe òní ni ìjọba ti ń fẹ́ kí ọmọ ilé-ìwé mọ iṣẹ́ ọwọ́. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ fún orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, tí a tẹ̀ jáde ní 1977 tí a sì tún yẹ̀ wò ní 1981, ni ó bí ètò 6-3-3-4 tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1982. Nínú ètò náà, gbogbo ọmọ tí ó wà ní ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní sẹ́kọ́ńdìrì ni yóò fọwọ́ kan igi, irin àti iná mànàmáná. Ìjọba àpapọ̀ ra ẹ̀rọ láti òkè òkun, wọ́n sì pín in kiri. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, inú àpótí tí wọ́n fi kó o dé náà ni ó wà títí tí ó fi dípẹtà, nítorí pé kò sí ilé tí a lè tò ó sí, kò sí iná tí yóò gbé e, kò sì sí olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n lò. Ní 2011, a tún gbé iṣẹ́ ọwọ́ 34 kalẹ̀ fún àwọn kíláàsì àgbà, pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ẹyọ kan. Ní 2025, ìjọba kéde pé a ti dín wọn kù sí mẹ́fà. Aṣọ rírán, àtúnṣe kọ̀ǹpútà àti fóònù, àti títo iná agbára oòrùn wà lára wọn. Iye náà ni ó ń yí padà. Ìṣòro 1982 ṣì wà níbẹ̀: ilé-ẹ̀kọ́ kò ní ṣọ́ọ̀bù. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí àdúgbò kan ní Ìbàdàn tàbí ní Abẹ́òkúta tí ènìyàn yóò rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ó má rí aránṣọ, wẹ́dà, mẹkáníìkì tàbí kápẹ́ńtà lẹ́nu iṣẹ́.

Kí a tó lè mọ ohun tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lè gbà, ó di dandan kí a mọ bí ọ̀gá ṣe ń kọ́ni nígbà tí àkókò bá pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo ṣọ́ọ̀bù aránṣọ. Ní ọjọ́ tí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ bá kọ́kọ́ dé, ìgbálẹ̀ ni wọn yóò fi lé e lọ́wọ́. Àwa onílé-ìwé a máa fi èyí ṣe ẹlẹ́yà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wòran yóò rí i pé òwú àti ìrépé aṣọ ni ọmọ náà ń gbá. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, ó ti mọ àǹkárá yàtọ̀ sí léèsì, ó sì ti mọ aṣọ tí í tú létí àti èyí tí kì í tú. Lẹ́yìn ìgbálẹ̀ ni bọ́tìnnì kíkàn, ìṣẹ́tí, aṣọ lílọ, àti títú ojú ibi tí a rán tí kò gún. Nígbà tí ó bá yá, yóò jókòó ti ẹ̀rọ, láìfi òwú sí i, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè mọ bí a ti ń wà á. Orí bébà ni yóò ti kọ́kọ́ rán ìlà tí ó tọ́, kí ó tó bọ́ sórí ìrépé, kí ó tó wá kan apá àti ọrùn bùbá. Gígé aṣọ ni ó kẹ́yìn pátápátá. Ó lè ju ọdún kan lọ kí ọ̀gá tó jẹ́ kí ọmọ fi àlùmọ́gàjí kan aṣọ oníbàárà.

Ẹ ó rí i pé ètò yìí kọjú sí ibi tí aṣọ kọ ẹ̀yìn sí. Aṣọ fúnra rẹ̀ ń ti wíwọ̀n bọ́ sí gígé, láti gígé sí rírán, láti rírán sí bọ́tìnnì. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ń ti bọ́tìnnì rìn padà lọ sí wíwọ̀n. Kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá nìkan ni ó ti rí bẹ́ẹ̀. Jean Lave, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá tí ó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, ṣe ìwádìí láàrin àwọn aránṣọ Vai àti Gola ní Monrovia, ní Làìbéríà, láàrin 1973 sí 1978, ohun kan náà ni ó sì bá pàdé níbẹ̀. Láti ìparí aṣọ ni àwọn ọmọ náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Fìlà àti ṣòkòtò abẹ́ ti ọmọdé ni wọ́n sì ń kọ́ kí wọ́n tó dé orí kóòtù àti ṣòkòtò tí àwọn ènìyàn ńlá ń wọ̀. Àlàyé Lave, èyí tí òun àti Etienne Wenger mú gbòòrò nínú ìwé wọn ti 1991, ni pé ẹni tí ó bá ń ṣe ìparí iṣẹ́ ń rí bí odidi aṣọ ṣe rí, nítorí náà, nígbà tí yóò bá fi dé orí gígé, ó ti mọ ìdí tí a fi ń gé e bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún ṣàkíyèsí pé àṣìṣe ìparí kò wọ́n tó àṣìṣe ìbẹ̀rẹ̀. Bọ́tìnnì tí ó wọ́ ṣe é tú. Aṣọ tí a gé kù kò ṣe é gé mọ́.

Ní tèmi, kókó kejì yìí ni ó lágbára jù, adìrẹ ni mo sì fi mọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé òfin náà ni pé kí ọmọ máa ti ìparí bẹ̀rẹ̀, aró ni à bá fi lé ọmọ tuntun lọ́wọ́ ní ìdí adìrẹ, nítorí pé rírẹ aṣọ sínú aró ni ó kẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ìdì ni ọmọdé ń kọ́ kọ́kọ́. Nínú adìrẹ oníko, ìkó tí ọmọ dì tí kò fún, a óò tú u, a óò tún un dì. Aṣọ tí ó ti wọnú aró kò ní àtúnṣe. Nítorí náà ọwọ́ àgbà ni aró ń wà. Ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, ìparí ni àtúnṣe wà. Ní ìdí adìrẹ, ìbẹ̀rẹ̀ ni. Ohun tí ó so méjèèjì pọ̀ ni pé ibi tí àṣìṣe bá ti ní àtúnṣe ni ọ̀gá ń gbé ọmọ sí. Mo rò pé Lave ìbá gbà pẹ̀lú mi bí ó bá ti dé Abẹ́òkúta tàbí Òṣogbo.

Wàyí o, kí ni a ń ṣe fún ọmọ ìgbà ìsinmi? Ọ̀nà méjì ni a gbà ń fi àkókò rẹ̀ ṣòfò. Èkínní ni ti ṣọ́ọ̀bù àdúgbò. Ọmọ yóò gbálẹ̀, yóò pọnmi, yóò gbé ọmọ ìyá-ọ̀gá pọ̀n, yóò lọ ra oúnjẹ, títí ilé-ìwé yóò fi wọlé. Kò yẹ kí a yára dá ọ̀gá lẹ́bi. Nínú ìkọ́ṣẹ́ gidi, òbí a san owó, a kọ ìwé àdéhùn, ọmọ a sì fi iṣẹ́ ọdún tí ó kẹ́yìn san ẹ̀san ẹ̀kọ́ tí ó gbà ní ọdún àkọ́kọ́, kí ó tó ṣe fírídọ́ọ̀mù. Ọmọ ìgbà ìsinmi yóò lọ gan-an ní àkókò tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúlò. Ta ni yóò jókòó ti irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí aṣọ ọdún wà nílẹ̀?

Èkejì ni ti àwọn ètò tí ìjọ, ẹgbẹ́ àti àwọn olóṣèlú ń dá sílẹ̀, tí wọ́n ń kó ọmọ púpọ̀ jọ sínú gbọ̀ngàn kan. Ibẹ̀ kò sí ìgbálẹ̀, ṣùgbọ́n orí pátákó ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀: bí a ṣe ń wọn ènìyàn, bí a ṣe ń ya ìlà aṣọ, bí a ṣe ń ṣírò èrè. Nínú ọ̀kan nínú wọn tí mo lọ wò, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni ètò náà, ẹ̀rọ mẹ́ta ni ó wà fún gbogbo wọn, ọ̀sẹ̀ kẹrin ni wọ́n sì tó fún wọn ní aṣọ láti gé. Wọ́n gba ìwé-ẹ̀rí. Kò sí ẹyọ aṣọ kan tí ó parí.

Bí a bá tẹ̀lé ìlànà àtúnṣe tí a sọ lókè, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kò kéré. Ọmọ lè fi ọ̀sẹ̀ méjì kan bọ́tìnnì, kí ó ṣẹ́ ìṣẹ́tí, kí ó sì tú aṣọ ògbólógbòó palẹ̀ láti rí bí a ti kàn án pọ̀. Ó lè fi ọ̀sẹ̀ méjì wa ẹ̀rọ lórí bébà àti ìrépé. Nínú ọ̀sẹ̀ méjì tí ó kù, kí ọ̀gá gé àpò ìrọ̀rí, fìlà tàbí ṣòkòtò péńpé, kí ọmọ rán an parí fúnra rẹ̀. Kò ní mọ aṣọ gé. Ṣùgbọ́n yóò lè tún aṣọ ilé wọn ṣe, ohun tí ó bá sì mọ̀, ó mọ̀ ọ́n tán. Lọ́dọ̀ olùtún-fóònù-ṣe, fóònù tí ó ti kú ni ìrépé aṣọ tiwọn: kí ọmọ tú u, kí ó tò ó padà, kí ó tún un tú. Lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ẹ́ńjìnnì tí a ti pa tì ni. Iṣẹ́ wẹ́dà ni mo yọ sílẹ̀, nítorí pé ojú tí iná wẹ́dà bá bàjẹ́ kì í ṣe àṣìṣe tí ó ní àtúnṣe. Kí ọmọ kọ́ fífi ayùn rẹ́ irin àti wíwọ̀n ọ̀pá irin, kí ó sì jìnnà sí iná.

Ọ̀rọ̀ èdè kò ṣe é fò dá. Ní ilé-ẹ̀kọ́, Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń kọ́ ọmọ ní orúkọ ohun èlò tí kò fojú rí. Ní ṣọ́ọ̀bù, ohun èlò náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, Yorùbá ni a sì fi ń sọ ọ́, àti sípánà àti jáàkì tí a ti yá wọnú èdè wa. Ètò ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀, tí Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970 ní Mọdákẹ́kẹ́, ti fi hàn pé ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ jálẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò rẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù, kò sí ẹni tí ó nílò irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí a kò tíì ṣe ni pé kí ọmọ kọ ohun tí ó gbọ́ sílẹ̀ ní èdè tí ó fi gbọ́ ọ. Ìwé-àkọsílẹ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì àti pólì ń lò nínú ètò SIWES, èyí tí àjọ ITF dá sílẹ̀ ní 1973, ni a lè fi ṣe àwòṣe, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń kọ sínú tiwọn.

Ìwé náà yóò wúlò fún ohun mìíràn tí ó ju èdè lọ. Ọmọ tí ó bá wọ kíláàsì kìíní ní sẹ́kọ́ńdìrì ní ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ márùn-ún níwájú rẹ̀ kí ó tó ṣe ìdánwò àṣejáde, èyí tí ó tó nǹkan bí ọgbọ̀n ọ̀sẹ̀. Bí ọ̀gá bá mọ̀ pé ọmọ yóò padà wá, ìdí tí ó fi ń fi iṣẹ́ pamọ́ fún un yóò dín kù. Nítorí náà, kí òbí àti ọ̀gá kọ àdéhùn ìsinmi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí òbí san owó ìrépé àti ti aṣọ tí ó bá bàjẹ́, kí ọ̀gá sì máa fọwọ́ sí ìwé náà ní ìparí oṣù kẹjọ, kí ó kọ ibi tí ọmọ bá iṣẹ́ dé sí i: bọ́tìnnì, ẹ̀rọ, apá, ọrùn. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ibẹ̀ ni wọn yóò ti ṣí i.